Ọ̀wẹ̀ Inú Igbó Ìjọba

Ìkìrun, ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Kẹfà, 1993

Ara mi ò tíì yá tán, síbẹ̀ mo lọ wo igbó ìjọba tí mò ń tọ́jú nítòsí Ìbà.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti fi ọ̀wẹ̀ bá mi ro ó nígbà tí mo wà lórí ìdùbúlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Igi tíìkì tí ìjọba ń tà nìkan ni wọ́n dá sí. Ìrókò àti apá tí mo gbìn kí igbó àtijọ́ lè padà, wọ́n ti gé gbogbo wọn mọ́ koríko.

Inú wọn ń dùn. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́."

Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn na igi kan sí mi. "Ẹ fi ṣe ọ̀pá, ọ̀gá. Ara yín ò tíì le."

Ìrókò mi ni. Òun ni mo gbára lé délé.