Bí Mo Ṣe Se Ẹlẹ́dẹ̀ Ìyá Rẹ

Abereke,
Létí Òkun.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ o, ọmọ Hánà. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ò ń ṣe n'Ìbàdàn kò gba gbogbo agbára lára rẹ? Ọlọ́run tó gbé àwa dúró lórí iyanrìn tó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ wa yìí yóò gbé ọ dúró lórí ilẹ̀ líle tìrẹ. Àmín. Bó o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà láàyè, ó kàn rẹ̀ wá ni.

Má bínú pé n kò fi fóònù Lawrence aládùúgbò wa pè ọ́. Bí mo bá ń fi fóònù sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń dúró tì mí, á ní owó ń lọ, ẹnu mi á sì di. Ìwé kì í kánjú. Godwin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Igbókòdá ní òun á bá mi wá ẹni tó ń lọ Ìbàdàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òkun wọlé. Ó kó ilé ìdáná ìyá rẹ lọ, èyí tó fi èrè edé kọ́ fúnra rẹ̀, àti ààrò àti pẹpẹ tó fi ń yan ẹja. Ilé tí à ń sùn ṣì dúró, àmọ́ ó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sómi, bí mo bá gbé oúnjẹ fún un á mú òkèlè kan, á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi tí n kò dáná rí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó ni mo wá ń ro ẹ̀bà, ó sì ń le bí òkúta.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlárìndé wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó fún wa ní fọ́ọ̀mù àwọn tí omi lé. Wọ́n béèrè ibi tí mò ń gbé báyìí, mo kọ etí omi sí i. Wọ́n tún béèrè àdírẹ́sì mi tí yóò wà títí. Mo rò ó, mo wo òkun, mo kọ ọ̀run. Ọlárìndé kà á, ó bọ́ fìlà, ó ní Bàbá, ẹ ò tíì kú. Mo ní èmi náà mọ̀, ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá yìí ni omi tún wọlé díẹ̀, ògiri ọgbà wó lu abo ẹlẹ́dẹ̀ tí ìyá rẹ ń sìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Lawrence bá mi pa á. Ìyá rẹ kò wá wò ó. Àwọn tó fẹ́ rà á rà níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ náà ti dàgbà, ó ti bí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ẹran rẹ̀ le bí okùn ìdákọ̀ró. Orí rẹ̀, apá iwájú méjèèjì àti awọ kù sí mi lọ́wọ́. Kò sí pẹpẹ tí mo máa yan án lé, kò sì sí iná mànàmáná. Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́ kó bàjẹ́ kí n dà á sómi, omi gba nǹkan méjì lọ́wọ́ obìnrin yìí nínú oṣù kan náà nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo rántí fídíò tó o fi ránṣẹ́ sí fóònù Lawrence, ti obìnrin tó ń fi iná kékeré se ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ṣẹ́kù nílé kí oúnjẹ má bàa ṣòfò. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́, kò dá mi lóhùn. N kò bínú, àlùbọ́sà ló ń gé. Ó ní wákàtí mẹ́fà ni ẹran náà máa lò lórí iná, ṣùgbọ́n kí n tó fọn imú tán ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti ń jẹ ẹ́. Mo wá mọ̀ pé wákàtí tiyín lọ́hùn-ún kúrú ju tiwa lọ. Abájọ tó o fi máa ń sọ pé o ò ráyè wálé. N kò ní bi ọ́ mọ́.

Ó tún ní kí ooru jẹ́ àádọ́jọ. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì wa, Balqees, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n gbé wá síbí, mo ní kó yá mi ní ohun tó fi ń wọn ara gbígbóná. Ó bi mí pé ara ta ló ń gbóná. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ dé àádọ́jọ. Ó ní ẹni tí tirẹ̀ bá dé àádọ́ta pàápàá, kí wọ́n má gbé e wá sọ́dọ̀ òun mọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì yá mi ní nǹkan náà, àmọ́ ó wọlé, ó kó ààbọ̀ àlùbọ́sà àti ata tó ti ń rọ wá fún mi, ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí iná kéré, kí ìkòkò máa kùn jẹ́jẹ́.

Obìnrin inú fóònù da ìyókù wáìnì sí tirẹ̀. Mo lọ bi Wòlíì Dáfídì bóyá ti oúnjẹ Olúwa ṣẹ́kù. Ó ní ṣé ẹlẹ́dẹ̀ náà fẹ́ ṣèrìbọmi ná. Omi àgbọn ni mo padà lò. Mo kó ìyókù ọbẹ̀ àná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, àti wóro edé tó kù nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ, mo da gbogbo rẹ̀ lé ẹran lórí, mo dé ìkòkò. Aago ìsìn òwúrọ̀ ń dún nígbà tí mo dáná sí i. Ọmọ mi, iṣẹ́ ni. Ogójì ọdún ni mo fi fa àwọ̀n, kò rẹ̀ mí tó báyìí. Bí iná bá ga màá fa igi yọ, bó bá rẹlẹ̀ màá ti igi sí i, èéfín sì kún ojú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé ohun tí ìyá rẹ ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí, n kò sì kí i kú ìdáná rí.

Nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ dáadáa, ẹran náà rọ̀, ó ń jábọ́ lára egungun. Mo to abọ́ sílẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú, ni mo rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

Ó ní, “Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ẹ ò fiyọ̀ sí i.”

Òótọ́ ni, mo gbàgbé iyọ̀. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ní kí n dìde níbẹ̀. Mo dìde.

Ní ìparí fídíò, obìnrin náà ní bí a bá fẹ́ràn rẹ̀ kí a pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ wa. Òfin ni mo kà á sí. Mo bù fún Lawrence àti Godwin, mo bù fún ìdílé Ọlálẹ́yẹ tí ilé tiwọn wó pátápátá. Kò sí abọ́ tó padà lófìfo. Púpurú ẹ̀gẹ́ wà nínú òmíràn, ẹja wà nínú òmíràn. Lawrence ní kì í ṣe ẹran ni obìnrin náà ní ká pín, fídíò ni. Mo bi í pé ta ni fídíò yó rí.

Ìyá rẹ jẹ púpurú, ó jẹ ẹran, ó fa mùdùnmúdùn inú egungun jáde. Ó wá ní kí n mọ ààrò tuntun fún òun lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ bá ká a, fi owó páànù ránṣẹ́, pẹ̀lú ti sìmẹ́ǹtì díẹ̀. Jọ̀wọ́ má gbé e gba báńkì. Ẹ̀rọ wọn tó ń pọ owó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo fẹnu sún mọ́ ọn, mo wí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ará ẹ̀yìn má gbọ́, kò fún mi ní kọ́bọ̀. Fi rán èèyàn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tó o fọwọ́ ara rẹ kọ́ ṣí lọ níṣojú rẹ. Oúnjẹ kò ní kan mọ́ ọ lẹ́nu. Ibi tó o bá dáná sí, wàá rí ẹni bá ọ jókòó tì í.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Nínú lẹ́tà méjì tí mo kọ lẹ́yìn tí òkun wọlé, mo fi ọ̀rọ̀ òkun pamọ́ fún ọ, mo sì kọ ọ́ pé ó kí ọ. Mo purọ́ ni, ọmọ mi, kò sọ nǹkan kan. Ti òní yìí, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ísákì.