Ẹ Má Ta Owú Bàbá fún Oníkóńdẹ́mù

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Rùkáyà ọmọ yín ló kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlú Ọba. Òtútù ibí ò ní kí n má kúnlẹ̀. Màámi, ẹ kú ìtọ́jú Bàámi, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Mùfú àbúrò mi, mo kí ọ. Gbogbo agboolé alágbẹ̀dẹ ní Bẹyẹrunkà, mo kí yín, àtẹni tó fẹ́ràn mi àtẹni tó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ìta gbangba lẹ ti bú mi, Bàámi. Ìdí nìyẹn tí èsì mi náà fi wá síta gbangba.

Ẹ ti sọ fún wọn ní mọ́sáláásí pé ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ọmọ ará Àrẹ̀mọ kan wá fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sílé, tí ọ́ìlì dúdú yí mi láṣọ, ẹ pè mí lórí fóònù níṣojú gbogbo agboolé, ẹ ní kì í ṣe kóńdẹ́mù, àlòkù irin lásán, lẹ ní kí n lọ máa ṣà lókè òkun. Ẹ ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má pè yín mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mi ò sì ní fi í sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti kú pátápátá, ọgbà iṣẹ́ wa ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fa epo àti ọ́ìlì inú ẹ̀ kúrò, kó má baà ba ilẹ̀ jẹ́. Mo ń tú bátìrì, mo ń tú ẹ́ńjìnnì àti gíà tó ṣì dáa, mo ń fa wáyà yọ nítorí bàbà inú ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa kó irin tó kù lọ yọ́. Tí òtútù bá mú, ọwọ́ mi a kú nínú ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò jalè, mi ò tọrọ jẹ.

Tí a bá fẹ́ jẹun ọ̀sán, orí ẹ́ńjìnnì làwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń jókòó. Èmi a dúró gbagidi. Ọ̀gá wa bi mí bóyá ìdí ló ń dùn mí. Mo ní rárá o, nílé tiwa, a kì í fìdí lé irin tí a fi ń jẹun. Ẹ̀yin náà lẹ nà mí lọ́mọdé nítorí mo jókòó lé owú, irin ńlá tí Bàbá àgbà máa ń gbé iṣẹ́ lé lù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ọ̀gá tú àga ọkọ̀ kan fún mi. Orí àga yẹn ni mo ti ṣínu nígbà ààwẹ̀, èmi nìkan, pẹ̀lú dàbínù àti tíì. Àárò ilé sọ mí, mo sunkún.

Bàámi, kí ni Bàbá àgbà fi ń rọ àdá? Ṣebí sípíríǹgì lọ́rì tó ti kú ni! Lọ́mọdé, mo fẹ́ fín ẹwìrì kí iná wọn lè jó, ẹ lé mi, ẹ ní obìnrin kì í dé ìdí ẹwìrì. Àdá yẹn làwọn àgbẹ̀ ń rà l'Ọ́jà'ba, òun ni wọ́n fi tọ́ yín dàgbà. Ta ló pe Bàbá ní aṣakóńdẹ́mù?

Mùfú wá ní ẹ ti ránṣẹ́ pe oníkóńdẹ́mù kó wá gbé owú náà, pé ẹ fẹ́ sọ àgbẹ̀dẹ di ṣọ́ọ̀bù, torí kò sí ọmọkùnrin tó fẹ́ jogún ẹ̀. Ẹ ń tijú pé mò ń ṣa kóńdẹ́mù, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ sọ owú Bàbá di kóńdẹ́mù! Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Wọ́n á yọ́ ọ ni, kò sì ní padà wá mọ́. Ẹ má tà á. Ẹ ò tiẹ̀ bi èmi. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀: èmi ni mo fẹ́ owú náà.

Kí Ọlọ́hun fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí Màámi n'Ísàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mò ń bọ̀ nílé fún Iléyá. Bí oníkóńdẹ́mù bá dé ṣíwájú mi, ẹ sọ fún un pé ẹni tó ni owú ń bọ̀ wá gbé e, pé oníkóńdẹ́mù bíi tirẹ̀ ni, obìnrin sì ni.

Ọmọ yín,
Rùkáyà alágbẹ̀dẹ