Ọjọ́ Tí Wọ́n Na Igi Kíríkẹ́ẹ̀tì sí Mi ní Sharjah

Bàbá mi ọ̀wọ́n tó ti sùn,

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì mọ ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún.

Sharjah ni mò ń gbé báyìí, nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn ará Pakistan. Ọjà Naif ní Dubai ni mo ti ń ra aṣọ tí mò ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí àwọn ará yàrá mi bá ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì lórí iyanrìn ẹ̀yìn ilé, èmi a jókòó, màá máa wòran.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, bọ́ọ̀lù aláwọ yẹn, tó le bí òkúta, ba Imran lójú. Bẹ́ẹ̀dì òkè mi ni Imran ń sùn. Òun ló fún mi lóúnjẹ lọ́jọ́ tí mo dé. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀wù rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí ọsibítù, ọ̀gá eré na igi Imran sí mi.

“Yalla, ó yá, èèyàn wa ò pé mọ́. Wá dúró fún un.”

Mo gba igi náà, Bàbá. Mo rántí ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, ẹni àtijọ́ yẹn. Ẹ ní oníbúrẹ́dì ni, pé ọlọ́lá kan rí i níbi tó ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní pápá abúlé, ló bá mú un lọ sí London. Ó gbá a títí tó fi hewú, kò de nǹkan kan mọ́ ojúgun kí bọ́ọ̀lù má bàa ṣe é léṣe. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wá ń fi agbára èjìká ju bọ́ọ̀lù, wọ́n ṣẹ́ ẹ légungun ẹsẹ̀. Ó jinná, ó tún padà wá. Nígbà tí ara ò gbé e mọ́, ó di ẹni tó ń gé koríko pápá náà. Ṣé ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ tó padà wá? Ẹ ò sọ ìyẹn fún wa rí. Ẹ̀yin náà ńkọ́, nígbà tí ẹ̀ ń gbá a nílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà?

Mo lọ dúró. Bọ́ọ̀lù kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi, mo fẹ́ sá. Èkejì bà mí ní ìka. Ẹ̀kẹta ni mo dijú gbá, mi ò bá a, ó sì wó igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ti lọ wo Imran. Lọ́la ni dókítà máa tú báńdéèjì ojú rẹ̀. Imran ní kí n jókòó síwájú òun, òun á fi ọwọ́ bo ojú kejì tó dára, òun á wò mí.

Bàbá, tó bá ní òun ò rí mi ńkọ́?

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.