Ìyá Rẹ Ti Tún Ń Bá Mi Jà

Akọ̀wé, ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọ̀gá yín kò yọ ọ́ lẹ́nu? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ máa gbé ọ délé láyọ̀. Èmi wà, orókún mi nìkan ló ń ráhùn.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, kò súnmọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni pé kì í fẹ́ jẹun, kì í wẹ̀ àfi tí mo bá bẹ̀ ẹ́, ògiri ló sì ń kọjú sí látàárọ̀ dalẹ́. Mo sọ fún dókítà pé ẹni tí kò ríran mọ́, inú rẹ̀ ò ṣe ní bàjẹ́. Ó ní, "Bàbá, àìríran lọ́tọ̀, ìbànújẹ́ yìí lọ́tọ̀. Ojú yẹn kò ní oògùn mọ́, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ yìí ní."

Ó fún un ní oògùn oníhóró. Nígbà tó lo àkọ́kọ́, mo gbé àga tì í, mò ń retí ẹ̀rín títí oorun fi gbé mi lọ. Nọ́ọ̀sì ní yóò gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé kì í ṣe iná mànàmáná tí wọ́n ń tàn.

Wọ́n tún ní obìnrin kan yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní ṣé èmi tí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó kò tó ni. Síbẹ̀, mo gbálẹ̀, mo wọ ẹ̀wù gidi, kí obìnrin náà má bàa yọjú nínú fóònù kó bá wa bí ọ̀lẹ. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ ń sunkún, mo fẹ́ gba fóònù náà kí n bi obìnrin náà pé kí ló fi ṣe é. Ìyá rẹ ní kí n jáde. Mo jáde, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wá, tó ń kọ́ àwọn tí kò ríran bí wọn yóò ṣe máa rìn. Ó ní kí n yé bomi fún un, kí n yé wọ bàtà fún un, pé àánú mi ti pọ̀ jù. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ mo yé.

Lánàá ni ìyá rẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù mi, ó ní ta ló rán ìránkúrán yìí. Mo ní télọ̀ ojúlé kejì ni. Ó tú u mọ́ mi lára, ó ń fi ìka tọ ojú rírán, ó ń bú télọ̀, ó ń bú mi mọ́ ọn. A jà títí ilẹ̀ fi gbóná. Mi ò gbádùn ìjà báyẹn rí. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí kì í fẹ́ dìde, oògùn náà kò sì tíì tán.

Bàtà mi ti lu, ṣùgbọ́n tèmi lè dúró. Ìyá rẹ ló ní kí o fi owó òwú àti abẹ́rẹ́ ránṣẹ́. Bí kò bá sí lọ́wọ́, lọ yá a, torí ó ti pẹ́ tó ti fẹnu ara rẹ̀ béèrè ohun kan láyé yìí.

Inú rẹ kò ní ṣókùnkùn. Bó bá sì ṣókùnkùn, kí Ọlọ́run fi ẹni tó mọ orúkọ àìsàn náà pàdé rẹ.

Bàbá rẹ ni.