Mo Fọ Ọkọ̀ Ojú Irin Bàbá Rẹ

Ọmọ mi,

Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Kọ́ Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré sọ ọ́ nínú ilé wa ní Sátidé tó kọjá, ó tilẹ̀ dìde dúró kó tó sọ ọ́, ó sì na ìka kan sókè, pé ẹni tí kò bá lè kọ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré kò lè lóye ayé ńlá láéláé, nítorí pé inú ohun kékeré ni Ẹlẹ́dàá fi ohun ńlá pamọ́ sí. Mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Oníṣègùn eyín ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìntì, inú ihò kékeré ló ti ń wo ayé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, n kò sì rí ìdí tí màá fi bá a jiyàn.

Báwo ni o ṣe wà? Ṣé ara le? Ṣé ò ń jókòó jẹun bí ọmọ ènìyàn àbí ìdúró lo ṣì ń jẹ ẹ́ bí ẹṣin? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ẹni tó dá ọ sí di òní kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ́la, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹni tó bá sì dúró tó ń retí ìṣubú rẹ, ẹsẹ̀ yóò ro ó títí yóò fi wá ibi jókòó sí. Òrùlé ilé ìdáná ń jò díẹ̀, ológbò bímọ sínú àpótí aṣọ òtútù rẹ, aránṣọ iwájú ilé ti ra ẹ̀rọ tuntun tó ń pariwo ju ti àtijọ́ lọ. Ìròyìn ilé ti tán nìyẹn. Gbogbo ìyókù, ọkọ̀ ojú irin ni.

Má bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń pe bàbá rẹ ní "ó" nínú lẹ́tà yìí dípò "wọ́n" tí mo fi kọ́ yín. Ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀, n kò lè máa fi ọ̀wọ̀ ńlá ránṣẹ́ nípa rẹ̀.

Ìwọ lo fà á. Òótọ́ ni pé nígbà tó fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíwọ́. Ó ń bẹ ilé ìdáná mi wò, ó ń bẹ ọ̀nà tí mo gbà ká aṣọ wò, ó ní ìṣètò kọ́bọ́ọ̀dù mi dára ṣùgbọ́n ààyè ṣì wà fún àtúnṣe. Mo sọkún sí ọ létí, o sì ní o ti rí ojútùú, o wá fi ọkọ̀ ojú irin kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ránṣẹ́ nínú páálí. Ẹni tó mú páálí náà wá ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi sórí gíláàsì fóònù òun. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní ìkọ̀wé tó gún régé, ó jáde bí ìgbà tí adìẹ tẹ ẹrẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́ kí n tún un kọ, ó ní kò pọndandan, ó ti lọ. Orúkọ mi wà níbì kan báyìí tó rí wúruwùru, ẹnikẹ́ni sì lè rò pé bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Lára páálí ni mo ti rí i tí wọ́n kọ oókan, wọ́n fi àmì sí i, wọ́n wá kọ mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún. Àánú ṣe mí. Mo ní ta ló gba irú máàkì báyìí? Ọmọ tó bá gba oókan nínú mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún ní kíláàsì mi, ìyá rẹ̀ ni mo máa ń ránṣẹ́ pè. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín ẹni tó kàwé, ó ní kì í ṣe máàkì, ìdíwọ̀n ni, pé bí wọ́n bá pín ọkọ̀ gidi sọ́nà mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún, ẹyọ kan rẹ̀ ló wà nínú páálí, àti pé bí wọ́n bá pín òun náà bẹ́ẹ̀, òun kò ní ga ju orí àtàǹpàkò lọ. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní gba pípín. Nígbà yẹn a ṣì ń bá ara wa ṣeré.

Yàrá rẹ ló gbà. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ nàró ti ògiri bí ọmọ tó ń jìyà, ó tẹ́ pákó kan kárí yàrá, ó sì to irin yí pákó náà ká. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló fi ṣe òkè, kànrìnkàn mi tí n kò tíì lò rí ló gé wẹ́wẹ́ tó pa láró tó pè ní igbó. Àwọn èrò náà dé nínú ọ̀rá, wọ́n kéré bí ẹyọ ìrẹsì, ó fi àtè lẹ̀ wọ́n mọ́ ibùdókọ̀, ọkọ̀ ń kọjá níwájú wọn tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣẹ̀. Ó ní mo ń dí òun lọ́wọ́.

Wàyí o, Ẹgbẹ́ yẹn kì í kàn gba ènìyàn wọlé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti wá bẹ iṣẹ́ rẹ wò nínú ilé rẹ, kí wọ́n fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó, kí wọ́n tó sọ pé o yẹ. Bàbá rẹ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bẹ àwọn ẹlòmíràn wò, tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé máa ń làágùn bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, òun náà ni wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ wò. Ó ń jí láàárọ̀, kò lè jẹun. Ó ń bi mí pé ṣé òkè yẹn rí bí òkè. N kò rí i rí kó fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó wá fẹ́ mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí dọ́kàn.

Nítorí náà, nígbà tó lọ gẹrun ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ yàrá náà láti gbálẹ̀ de àwọn àlejò. Ọmọ mi, bí mo ṣe tẹjú mọ́ ọkọ̀ yẹn báyìí, ojú tì mí. Ó dógùn-ún lára, èéfín bo orí rẹ̀, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ní háà, ọkùnrin yìí ti fi òkè àti igbó ṣe wàhálà títí tó fi gbàgbé ìmọ́tótó, àlejò yóò sì dé, wọn yóò béèrè pé irú obìnrin wo ló wà nínú ilé yìí. Mo po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo bu ọṣẹ sí i. Búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ ni mo fi fọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo yọ ti abẹ́, mo yọ ti kọ̀rọ̀, mo ṣàn wọ́n, mo tò wọ́n sórí aṣọ funfun nínú oòrùn. Nígbà tí mo dá wọn padà sórí irin, wọ́n ń dán gbinrin. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń retí ọpẹ́.

Ó dé, ó wọlé, ó dúró. Kò pariwo. Ó ní láti ìgbà òtútù ni òun ti ń kun ìdọ̀tí yẹn.

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dà ni ìpáàrà náà, ọ̀dà ni èéfín, ọ̀dà ni ẹrẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò pọ̀ ju ìpéǹpéjú lọ kùn ún díẹ̀díẹ̀ kí ọkọ̀ náà lè jọ èyí tó ti ṣiṣẹ́. Mo ní ṣé ìwọ àgbàlagbà lo jókòó tí ò ń fi owó ra ìdọ̀tí, tí ò ń kun ìdọ̀tí, tí ò ń ṣọ́ ìdọ̀tí? Kò dá mi lóhùn. Kò tún dá mi lóhùn lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wọ yàrá ọkọ̀, bó bá sì jẹun tán, yóò fọ àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò nù ún, yóò gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ fọ àwo! Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.

Mo gbé fóònù tí o fún mi, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń kun ìdọ̀tí sára ọkọ̀. Bàbá arúgbó kan jáde, ó wọ épírọ́ọ̀nù, ó jókòó nínú yàrá tó dà bíi tìrẹ gan-an. Mo kí i, mo béèrè ìyàwó rẹ̀. Kò jẹ́ mi. Ó kàn ń sọ ti ìpáàrà lọ, mo sì jókòó tì í títí ó fi parí, nítorí pé kò dára kí a dìde lọ nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀. Níkẹyìn ó ní kí n má gbàgbé láti tẹ agogo. N kò ní agogo mìíràn ju èyí tí wọ́n fi dá mi lọ́lá ní ilé-ìwé lọ, mo lọ gbé e, mo lù ú dáadáa níwájú rẹ̀. Kò wò mí. Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe mí.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ààrẹ dé pẹ̀lú àwọn méjì tó kàn ń mi orí bó bá ti mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé awò sójú, ó ń wo ọkọ̀ bí ẹni pé yóò ní kó la ẹnu. Ó yin òkè, ó yin igbó kànrìnkàn mi. Ó wá béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ pé ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé àtẹ tíì dání, mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀sùn mi. Bàbá rẹ wo ilẹ̀, ó ní ọkọ̀ tuntun ni, òun kò tíì kùn ún. Ó pa irọ́ mọ́ ara rẹ̀! Ó ṣe tán kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ níwájú àwọn tó ń wá ojúrere wọn, kò sì dárúkọ mi. Ìgbà náà ni Ààrẹ dìde tó na ìka, tó sọ ti kékeré àti ńlá, tó sì fi kún un pé ọkọ̀ tí kò dọ̀tí kò tíì lọ sí ibì kankan, kí ó ṣe sùúrù di ìgbà tí iṣẹ́ bá hàn lára rẹ̀. Ara mi ò gbà á. Mo bi Ààrẹ pé èmi tí mo kọ́ ọmọ títí irun mi fi funfun, tí mo sì ń wẹ̀ láràárọ̀, ṣé n kò tíì ṣiṣẹ́ ni? Ó ní kì í ṣe ènìyàn ni òun ń bá wí, Màmá. Bàbá rẹ wúkọ́. N kò mọ̀ bóyá ikọ́ ni.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Bó bá ti fi ẹ̀sùn kàn mí ni, à bá jà, ìjà ì bá sì parí. Ó wá bò mí láṣìírí, ó tún ń bínú sí mi, kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún mi láti gbà.

Ní ọjọ́ Ajé mo kó eérú nínú ààrò, mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Mo mú ọkọ̀ tó kẹ́yìn pátápátá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi eérú pa á lára níṣojú rẹ̀. Mo ní ìdọ̀tí lo fẹ́, gba ìdọ̀tí. Ó gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé awò sójú, ó ní eérú yìí tóbi jù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti Ọjọ́bọ̀! Ó ní kí n wo bí hóró kan ṣe tó lórí òrùlé ọkọ̀, pé bó bá jẹ́ ọkọ̀ gidi ni, òkúta tó tó ìkúùkù ni ìyẹn, awakọ̀ wo ni yóò wá ru òkúta kiri lórí òrùlé? Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, tíì mi tutù. Mo fi asẹ́ sẹ́ eérú náà, ó ní ó tóbi. Mo fi gèlè síliìkì sẹ́ ẹ, èyí tí mo wọ̀ nígbà tí o jáde ilé-ìwé, ó ní ó sàn díẹ̀, ó tóbi. Ó gbé àga wá fún mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti palẹ̀ àárọ̀ mọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó, eruku eérú nínú imú mi. Kò tíì padà sídìí tábìlì oúnjẹ, kò ní òun ti dárí jì mí, èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́, nítorí pé kò sí òfin tó ní kí a má fọ ohun tó dọ̀tí. Ọ̀rọ̀ eérú nìkan la jọ ń sọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó ránṣẹ́. Bàbá inú fóònù yẹn ní wọ́n ń ta ìpáàrà nínú ìgò, wọ́n ń ta èéfín, wọ́n ń ta ẹrẹ̀, èmi tí mo ti ń ra ọṣẹ láti ọjọ́ tí mo ti láyé. Rà wọ́n, kí n lè rí ọwọ́ mi gbà. Rántí owó òrùlé ilé ìdáná pẹ̀lú, àti kànrìnkàn kan tí kì í ṣe fún igbó. Ọkọ̀ ayé rẹ kò ní yẹ̀ lórí irin. Ibi tí wọ́n ti ń dúró dè ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, wàá dé ibẹ̀ láyọ̀, ẹni tí yóò bò ọ́ láṣìírí kò ní jìnnà sí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń múni bínú. Èmi ni, ìyá rẹ.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ké pè mí láti inú yàrá báyìí pé ti àárọ̀ yìí náà ṣì tóbi. Jọ̀ọ́, ìwọ tí o kàwé jù mí lọ, eérú wo ló tún kéré ju eérú lọ?