Pẹ̀lẹ́ àti Ẹ̀rọ Ata Màmá

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Karùn-ún
Láptọ́ọ̀pù mi ti di arúgbó. Mo ní kí ó ṣí fídíò kan, mo lọ ra ẹ̀kọ, mo padà dé — ó ṣì ń ronú. Mo ti sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́. Inú rẹ̀ nìkan ni fídíò àwọn àgbẹ̀ kòkó Sekona wà, iṣẹ́ àṣekágbá mi ní pólì. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà fẹ́ gba fídíò náà kí Iléyá tó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Bátìrì rẹ̀ ti kú, tiransifọ́mà àdúgbò wa sì ti jó. Ṣọ́ọ̀bù Màmá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹ̀rọ ata wọn wà. Ariwo. Ata lójú. Ṣùgbọ́n iná wà.

Ìṣẹ́gun, 19
Najeem tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sọ pé fírọ́ọ̀sì ló wọ inú Pẹ̀lẹ́. Ó pa á. Lọ́dọ̀ rẹ̀, Pẹ̀lẹ́ ń sáré. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù — ìgbín.

Iná ṣẹ́jú díẹ̀ lónìí, àwọn oníbàárà sọdá sọ́dọ̀ Ìyá Aqeelah ní òdìkejì títì, tí ẹ̀rọ ata tiwọn ń lo dísù, tí kò nílò iná. Màmá ní kàkà kí àwọn gbé ata àwọn sọdá títì yẹn, àwọn á jẹ ẹ́ lódidi. Ọdún mélòó ni ìjà yìí ti wà, mi ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21
Najeem tún yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ó yá. Lọ́dọ̀ mi, ó kú. Màmá ní ṣé Pẹ̀lẹ́ ló fẹ́ràn Najeem ni àbí èmi. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò burú, ìyẹn nìkan.

Jímọ̀, 22
Mo ti rí i!

Màmá pa ẹ̀rọ, wọ́n lọ kírun Jímọ̀. Mo ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ni Pẹ̀lẹ́ bá ta kìjí, fídíò ṣí kí n tó mí. Mo rò pé àdúà ló gbà. Màmá dé, wọ́n tan ẹ̀rọ — ìgbín. Mo gbọ́wọ́ lé bẹ́ǹṣì: ó ń gbọ̀n dé eyín mi. Mo gbé Pẹ̀lẹ́ sórí àga. Ilẹ̀ pàápàá ń gbọ̀n. Mo bẹ Màmá kí wọ́n pa ẹ̀rọ díẹ̀. Ó yá. Wọ́n tàn án. Ó kú.

Àbámẹ́ta, 23
Najeem ṣàlàyé. Nínú háádì dísìkì, ohun kan ń yí bí àwo, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń kà á. Bí a bá ń mì í, èyí tó ń kà á á máa ṣì í kà. A ti mì í títí ó fi fara pa. Ó ní kí n kó gbogbo fídíò jáde kó tó kú pátápátá, kí n má sì jẹ́ kó gbọ̀n mọ́. Ó yá mi ní háádì dísìkì kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ìlú Awo lọ ṣọdún.

Àìkú, 24
Kò síná.

Ajé, 25
Kò síná. Èmi àti Màmá ń tọrọ ohun kan náà.

Ìṣẹ́gun, 26
Iná dé láàárọ̀. Iléyá dọ̀la. Màmá gbààwẹ̀ Àrafà. Abọ́ ata ti tò dé títì; irú ọjà yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Mo rọra ti Pẹ̀lẹ́ bọ àpò. Màmá ní, "Gbé e jáde." Wọn ò tan ẹ̀rọ.

Wọ́n sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ àwọn ń kó iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ jáde, kí wọ́n ní sùúrù. Obìnrin kan ní ṣé torí kọ̀ǹpútà ni ata òun ṣe máa bàjẹ́. Màmá ní, "Ẹ má bínú. Ọ̀dọ̀ Ìyá Aqeelah nìyẹn." Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọdá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Màmá.

Ó parí lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Àwọn àgbẹ̀ mi pé. Mo pe ọ̀gá, wọ́n ní kí n máa gbé e bọ̀. Màmá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ — iná lọ.

Èmi ń sunkún, Màmá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé abọ́ ata tiwa, wọ́n sọdá títì. Mo tẹ̀lé wọn.

Ìyá Aqeelah wò wá títí. Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ náà rí iṣẹ́ ẹ̀ kó?"

Màmá ní, "Ó rí i kó."

Ìyá Aqeelah gba abọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n da ata wa sẹ́nu ẹ̀rọ ṣáájú ti gbogbo ayé.