Bàbá Wo?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìlú òyìnbó. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kí àwọn rí i. Èmi! Èmi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì kí ọ̀gá tó ń wò mí tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo fọ̀ ọ́. Ó ní mo gbìyànjú. Mo dúpẹ́. Ọ̀gá Kékeré ni mo sọ ọ́. Ó ń pe orúkọ mi bí ẹni pé òun ló sọ mí lórúkọ — ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, ká má purọ́.
Títí oṣù yóò fi parí ni wọ́n ń wò mí. Bí Ọ̀gá Kékeré bá fọwọ́ sí ìwé mi, Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, àti àwọn ọmọ lè wá bá mi. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kí n palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ọjọ́rú, 5
Òfin wọ́ọ̀dù: kí o tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn, pe orúkọ rẹ̀, bi í ní ọjọ́ ìbí. Ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ní orúkọ lásán ni kí n pè. Ẹni tó tó bàbá mi í bí! Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni. Bàbá Ìbejì gan-an, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo ti dá ọgbọ́n sí i. "Bàbá" ni mò ń pe gbogbo wọn. Nínú ìwé yìí, ibi tí ibùsùn wọn wà ni mo fi ń dá wọn mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo gbé oògùn Bàbá Ojú Fèrèsé sórí tábìlì, mo ní, "Bàbá, oògùn yín dé o," mo yíjú láti bu omi. Bàbá Ẹnu Ọ̀nà náà — ṣé bàbá kọ́ ni? — dìde, ó mú un. Ó ti ń gbé e sẹ́nu kí Ọ̀gá Kékeré tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oògùn tó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró!
Ọ̀gá Kékeré kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Bàbá wo?" Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun ò ní fọwọ́ sí i. Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo fi orúkọ pe Bàbá Ojú Fèrèsé. Bí ẹnu mi ṣe ń pè é ni orúnkún mi ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yọjú láti orí ibùsùn: "Nọ́ọ̀sì, kí ló jábọ́?" Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní kí n wá a dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, 24
Bàbá Ojú Fèrèsé kì í gba oògùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ó ní èmi nìkan ni mò ń pe orúkọ òun bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 30
Bàbá Ojú Fèrèsé re ibi àgbà ń rè láàárọ̀. Mo wẹ̀ ẹ́, mo tẹ́ ibùsùn. Iṣẹ́ ni. N kò sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 31
Ọ̀gá Kékeré fọwọ́ sí i! Yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn mi tí mo fi sáré pe ilé. Ọkọ mi gbé fóònù. Kí n tó mọ̀, mo ti pe orúkọ rẹ̀, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, mo sì ti bi í ní ọjọ́ ìbí.
Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀: "Ìyá Ìbejì, ta ló kú?"
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ní kí wọ́n máa di ẹrù. Ẹkún ló jáde. Mo ní, "Bàbá ni."
"Bàbá wo?"
Mo pe orúkọ rẹ̀ fún un ní kíkún, lórí ìkúnlẹ̀.